Ǹjẹ́ Àwàdà Lè Rin Ìrìn-Àjò? Àyẹ̀wò Eré Àwàdà Olórin Lórí Ìtàgé Alárìnkiri

ÌFÁÀRÀ

Bí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ bíi tiwa bá ti ń gbèrò láti gbé eré kúrò nínú gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́, kí ó sì gbé e káàkiri àwọn ìlú, ìbéèrè kan kì í pẹ́ dìde. Irú eré wo ni a lè gbé rìn tí àwọn òǹwòran yóò gbádùn, tí àwọn òṣèré yóò sì padà délé láìjẹ gbèsè? Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa dáhùn pé eré ọba àti ogun ni. Wọ́n á ní aṣọ, ìlù àti oríkì inú irú eré bẹ́ẹ̀ tó ohun àpéwò fún ẹnikẹ́ni, àní fún ẹni tí kò gbọ́ èdè pàápàá. Wọ́n á sì tọ́ka sí Ọba Kò So ti Dúró Ládiípọ̀, eré Ṣàngó tí wọ́n gbé dé ìlú Berlin ní ọdún 1964. Ní ti àwàdà, wọ́n á ní kì í rìn jìnnà: ohun tí ó pa ará Ìbàdàn lẹ́rìn-ín lè mú ará Kàbbà fajúro. Bí a bá sì tún di orin àti ìlù mọ́ ọn, ẹrù rẹ̀ á ju ohun tí ọkọ̀ kan lè gbé lọ.

Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni òótọ́. Èrò tiwa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé eré àwàdà olórin lè kẹ́sẹ járí lójú ọ̀nà, àti pé ó ti kẹ́sẹ járí láàrin wa rí. Ohun tí ó ń pinnu rẹ̀ kì í ṣe bí àwàdà náà ti pọ̀ tó, bí kò ṣe irú ẹni tí a ń fi ṣe ẹlẹ́yà nínú rẹ̀, àti irú iṣẹ́ tí a gbé lé orin lọ́wọ́. Láti fi ìdí èyí múlẹ̀, a ó yẹ àwọn alárìnjó àtijọ́ wò ní ráńpẹ́, a ó kan Hubert Ògúndé, lẹ́yìn náà ni a ó wá dúró pẹ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ Kọ́lá Ògúnmọ́lá àti eré rẹ̀ tí ó dá lórí ọ̀mùtí. A kò ní ṣàì mẹ́nu ba Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá, ẹni tí ọ̀rọ̀ àwàdà kò lè parí láìdárúkọ rẹ̀.

ALÁRÌNJÓ ÀTI ẸNI TÍ A Ń FI ṢE ẸLẸ́YÀ

Orúkọ tí a mọ àwọn eégún aláré sí, ìyẹn alárìnjó, ti tó láti fi hàn pé ìrìn kì í ṣe ohun àjèjì sí eré Yorùbá. Wọ́n ń rìn láti ìlú dé ìlú, wọ́n ń jó, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń pidán, wọ́n sì ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Ní ọdún 1826, nígbà tí Hugh Clapperton àti Richard Lander dé Ọ̀yọ́-Ilé, Aláàfin mú kí wọ́n wo irú eré yìí, Clapperton sì kọ ohun tí ó rí sílẹ̀. Àwọn kan kọ́kọ́ jó nínú àpò. Lẹ́yìn náà ni ejò òjòlá jáde. Níkẹyìn ni àwòrán Òyìnbó kan yọ sójú agbo. Ó funfun bí ẹfun, ó rù, ó ń ṣe bí ẹni tí òtútù mú, ó ń fín áṣáà, ó sì ń rìn bí ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ rí. Ẹ̀rín gba agbo kan. Àwọn ará ìlú sì ń pe àwọn àlejò náà sí i pé kí wọ́n wò ó dáadáa.

Nínú ìwádìí tí Joel Adédèjì ṣe lórí alárìnjó, a rí àwọn ẹ̀dá mìíràn tí wọ́n fi ń ṣẹ̀fẹ̀: Tápà, Gàńbàrí, Ìdàhọ̀mì, panságà, ọ̀dẹ̀ àti ọ̀mùtí. Bí a bá wò wọ́n fínnífínní, a ó rí i pé ọ̀wọ́ méjì ni wọ́n pín sí. Tápà, Gàńbàrí, Ìdàhọ̀mì àti Òyìnbó ní ìlú. Ibi tí wọ́n ti wá ni a fi ń dá wọn mọ̀. Panságà, ọ̀dẹ̀ àti ọ̀mùtí kò ní ìlú. Ìwà ni a fi ń dá wọn mọ̀.

Ẹ̀fẹ̀ ọ̀wọ́ kìíní a máa dùn níwọ̀n ìgbà tí ẹni tí a ń fi ṣe ẹlẹ́yà kò bá sí nítòsí, tàbí tí ó bá jẹ́ àlejò tí kò ní agbára láti sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń rìn kò lè ṣàì dé ìlú ẹni tí ó ń fi ṣẹ̀fẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹgbẹ́ tí ó bá ń fi ará Èkìtì ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí pé ó pe ilé ní ulé yóò gba àtẹ́wọ́ ní Ọ̀yọ́; ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá dé Adó-Èkìtì, òun fúnra rẹ̀ ni yóò di ẹni yẹ̀yẹ́. Ẹ̀fẹ̀ ọ̀wọ́ kejì ni kò ní ibodè. Kò sí ìlú tí kò ní ọ̀mùtí, kò sì sí ìlú tí yóò jẹ́wọ́ pé òun ni ó ni í. Olúkúlùkù ni yóò rẹ́rìn-ín, tí yóò sì máa fi ojú wá ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá mu láàrin àwọn tí ó jókòó tì í.

OHUN TÍ OJÚ ÒGÚNDÉ RÍ

Hubert Ògúndé, ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú eré inú Bíbélì ní Èkó ní ọdún 1944, ni ó sọ eré olórin ti òde òní di iṣẹ́ oòjọ́ tí a ń gbé kiri. Ọ̀kan nínú ohun tí ó mú gbilẹ̀ ni gílíì, ìyẹn ijó àti orin tí wọ́n fi máa ń ṣí eré kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ka gílíì sí àṣerégèé tí kò kan ìtàn. Lójú tiwa, ọgbọ́n ojú ọ̀nà ni. Ó ń fún àwọn tí ó pẹ́ dé láyè láti jókòó, ó ń dá ọkàn àwọn òǹwòran pọ̀, ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá dáadáa ní Jọs tàbí ní Kánò yóò sì ti rí ohun tí ó fi owó rẹ̀ rà kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀.

Síbẹ̀, ojú Ògúndé rí nǹkan. Ní ọdún 1946, àwọn aláṣẹ ìjọba amúnisìn fi òfin de eré rẹ̀ Strike and Hunger ní Jọs. Ní ọdún 1964, eré Yorùbá Ronú gún àwọn aṣáájú Ìwọ̀-Oòrùn lára tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba ẹkùn náà fi òfin de ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọdún 1966 ni a tó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà. A kò pe àwọn eré méjèèjì yìí ní àwàdà, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú wọn kan aláwàdà gbọ̀ngbọ̀n. Ẹni tí Yorùbá Ronú ń bá wí ní ìlú, ó ní ìjọba, ó sì ní ọlọ́pàá lẹ́nu ọ̀nà. A kò sọ pé kò yẹ kí òṣèré bá alágbára wí. Eré tí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ kò níyì. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tí ó bá fẹ́ fi ẹ̀rín bá alágbára wí láti ìlú dé ìlú, ìwà ni kí ó dì mú, kí ó fi orúkọ sílẹ̀. Orúkọ ni òfin lè mú. Òfin kì í mú ìwà.

ÒGÚNMỌ́LÁ ÀTI Ọ̀MÙTÍ RẸ̀

Kọ́lá Ògúnmọ́lá, tí a bí ní Òkèmẹ̀sí ní ọdún 1925, ti ń ṣe eré kiri fún ọdún púpọ̀ kí ó tó kan ìtàn ọ̀mùtí. Nínú àwọn eré rẹ̀ ìṣáájú, bí Ìfẹ́ Owó, ilé àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ó ti ń wá ohun ẹ̀rín: ọkọ, ìyàwó, owó àti ojúkòkòrò. Nígbà tí ó rí ìrànlọ́wọ́ owó àjọ Rockefeller láti lo oṣù díẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó gbé ìwé Amos Tutùọlá, The Palm-Wine Drinkard, tí ó jáde ní Lọ́ńdọ̀n ní ọdún 1952, ó sì sọ ọ́ di eré olórin lédè Yorùbá. Ọdún 1963 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é ní Ìbàdàn, Demas Nwoko ni ó sì ṣe ọ̀ṣọ́ ìtàgé àti aṣọ rẹ̀. Ní ọdún 1968, Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìmọ̀ Ìjìnlẹ̀ Áfíríkà ní Ìbàdàn tẹ ọ̀rọ̀ àti orin rẹ̀ jáde. Ní ọdún 1969, wọ́n gbé e lọ sí àjọ̀dún àṣà ilẹ̀ Áfíríkà ní Algiers, láàrin àwọn ènìyàn tí wọn kò gbọ́ Yorùbá.

Kí ni ó jẹ́ kí eré yìí lè rìn? Ohun àkọ́kọ́ ni ẹni tí a ń fi ṣe ẹlẹ́yà. Lánkẹ́ kì í ṣe ará ìlú kan pàtó. Ó jẹ́ ọmọ olówó tí kò mọ iṣẹ́ kankan ju ẹmu mímu lọ. Nígbà tí adẹ́mu rẹ̀ já láti orí ọ̀pẹ tí ó sì kú, kò lè fara mọ́ ẹmu tí ẹlòmíràn dá. Ó gbéra, ó ń wá òkú lọ sí ìlú àwọn òkú. Ìwà wọ̀bìà ni a ń fi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìfẹ́ tí ó wà láàrin ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ rẹ̀ wà lábẹ́ ẹ̀rín náà. Ọ̀mùtí alárìnjó ni ó padà wá yìí, ṣùgbọ́n a ti fún un ní ìtàn, a sì ti fún un ní ìbànújẹ́. Ìdí nìyẹn tí òǹwòran fi lè fi í rẹ́rìn-ín láìkórìíra rẹ̀.

Ohun kejì ni bí Ògúnmọ́lá ṣe sọ àsọdùn inú ìwé di ohun àfojúrí. Tutùọlá sọ fún wa pé ọ̀pẹ oko Lánkẹ́ jẹ́ 560,000, àti pé akèrègbè ẹmu 150 ni ó ń mu láàárọ̀, kí ó tó tún mu 75 ní ìrọ̀lẹ́. Lójú ìwé, iye wọ̀nyí ló ń pani lẹ́rìn-ín. Lórí ìtàgé, ta ni yóò ka ọ̀pẹ? Ara òṣèré àti ohùn ẹgbẹ́ ọ̀mu tí ó yí i ká ni yóò ṣe iṣẹ́ tí iye náà ṣe nínú ìwé. Àwọn tí ó kọ̀wé nípa Ògúnmọ́lá sì gbà pé ọ̀gá ni ó jẹ́ nínú fífi ìṣesí ara sọ̀rọ̀. Ẹ̀rín tí ó ti ara wá kì í nílò ògbufọ̀. Bí ó bá dé Jọs tàbí Algiers, ohun kan náà ni ojú yóò rí.

Ohun kẹta, tí ó sì ṣe pàtàkì jù, ni orin. Nínú ọ̀pọ̀ eré wa, orin dà bí ẹni tí ó yà síbẹ̀: ìtàn a dúró, orin a kọjá, ìtàn a tún bẹ̀rẹ̀. Nínú eré yìí, orin ni ó ń gbé ìtàn rìn. Ẹ jẹ́ kí a ro ohun tí gbọ̀ngàn ìlú kékeré máa ń rí. Òrùlé páànù ni, òjò lè dé nígbàkúùgbà. Ọmọdé ń ké. Jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lẹ́yìn ilé. Kò sí ohun èlò tí yóò gbé ohùn òṣèré dé ìlà ìjókòó tí ó kẹ́yìn. Ẹ̀dà-ọ̀rọ̀ tí ó dára jù lọ yóò sọnù sínú irú ariwo bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò bá sì gbọ́ ọ kò lè rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí ènìyàn mẹ́wàá bá jọ gbe ègbè tí ìlù sì gbè é lẹ́sẹ̀, kò sí ìjókòó tí kò ní dé. Bí lílé bá wá lẹ́ẹ̀mẹta, àwọn òǹwòran ti mọ ègbè náà, wọ́n ti ń bá wọn gbè é. Láti ìgbà náà lọ, wọ́n ti di ara ẹgbẹ́ ọ̀mu. Àwọn tí ó sọ pé orin ń dí àwàdà lọ́wọ́ lójú ọ̀nà kò ṣe àkíyèsí yìí. Orin gan-an ni ó ń jẹ́ kí àwàdà dé etí.

Ohun kẹrin ni ìgbékalẹ̀ ìtàn. Ìrìn-àjò ni, láti ibùdó kan dé òmíràn, ibùdó kọ̀ọ̀kan sì ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin tirẹ̀. Irú ìtàn báyìí gba àgékúrú àti àfikún. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú jù, a lè yọ ibùdó kan. Bí ìlú kan bá fẹ́ràn ibùdó kan, a lè fà á gùn. Eré tí ìdì ìtàn rẹ̀ le koko kò gba irú rẹ̀.

IBI TÍ Ọ̀MÙTÍ KÙ SÍ

Iṣẹ́ lámèyítọ́ kì í ṣe ìyìn nìkan. Àléébù méjì ni a rí sí eré yìí bí a bá fi ojú ìrìn-àjò wò ó. Èkíní ni ibi tí a bí i sí. Inú gbọ̀ngàn yunifásítì ni, pẹ̀lú iná ìtàgé, ọ̀ṣọ́ tí ayàwòrán ńlá ṣe, àti owó tí kò ti ẹnu ọ̀nà wọlé. A kò lè gbé gbogbo rẹ̀ bọ́ sí àgbàlá hòtẹ́ẹ̀lì tàbí gbọ̀ngàn ilé-ìwé. Ọ̀ṣọ́ náà ní ẹwà tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a máa fi í díwọ̀n bóyá eré lè rìn. Ohun tí ó bá kù lẹ́yìn tí a bá yọ ọ̀ṣọ́ kúrò ni eré. Nínú ti Ọ̀mùtí, ohun tí ó kù pọ̀.

Èkejì ni òpin rẹ̀. Ògúnmọ́lá sọ ìrìn Lánkẹ́ di àlá: ọ̀mùtí sùn, ó lálàá, ó jí. A mọ ìdí rẹ̀. Òpin yìí rọrùn fún agbo, ó ń fi ẹ̀rín rán ènìyàn lọ sílé. Ṣùgbọ́n ó gba nǹkan lọ́wọ́ wa. Nínú ìwé Tutùọlá, ìyàn ńlá ń dúró de akọni náà nílé, ohun tí ó rí nínú ìrìn rẹ̀ sì ń wúlò fún ará ìlú tí ebi ń pa. Àlá kì í mú ohunkóhun wálé. Nítorí náà, ẹ̀rín Ògúnmọ́lá fẹ́ẹ́rẹ́ ju ti Tutùọlá lọ ní ìparí. Àwa gbà pé òǹwòran ojú ọ̀nà lè gba òpin tí ó wúwo ju èyí lọ, bí orin bá ti kọ́kọ́ mú un lọ́kàn. Ẹni tí ó ti gbe ègbè ẹmu fún wákàtí méjì lè gbe ègbè ìyàn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

BÀBÁ SÀLÁ ÀTI FÍÌMÙ

Moses Ọláìyá, tí ó kú ní ọdún 2018, ti jẹ́ wolé-wolé àti olórin kí ó tó di aláwàdà. Sunny Adé pàápàá ta gìtá nínú ẹgbẹ́ orin rẹ̀ nígbà kan. Nígbà tí ó dá Aláwàdà sílẹ̀, ó fi ọ̀rọ̀ ṣíwájú orin. Ẹ̀rín rẹ̀ tẹ̀lé òfin kan náà tí a ti sọ: ara rẹ̀ ni ó fi ń ṣe ẹlẹ́yà. Ahun ni, afọ́nnu ni. Aago ńlá tí ó so mọ́ra àti awò ojú rẹ̀ ti sọ irú ẹni tí ó jẹ́ kí ó tó lanu. Kò sí ìlú tí ó lè bínú sí i. Tẹlifíṣọ̀n sì ń ṣe akéde fún un, nítorí pé kí ọkọ̀ rẹ̀ tó wọ ìlú ni àwọn ọmọdé ti mọ ìrìn rẹ̀.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà jẹ́ àríkọ́gbọ́n. Ní ọdún 1982 ó ṣe fíìmù Ọ̀run Mooru. Àwọn olè ṣe àdàkọ rẹ̀ sórí fídíò, wọ́n tà á káàkiri, òun sì jẹ gbèsè. Fíìmù fúyẹ́ ju ọkọ̀ tí ó kún fún òṣèré lọ, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ó fúyẹ́ láti gbé fúyẹ́ láti jí. Ẹ̀rín tí ènìyàn rí lórí ìtàgé lálẹ́ yìí, kò sẹ́ni tí ó lè jí i tà lọ́la.

OWÓ

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980 sí i, ẹgbẹ́ eré alárìnkiri ju ọgọ́rùn-ún lọ ní ilẹ̀ Yorùbá. Kí ọdún mẹ́wàá mìíràn tó kọjá tán, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ti fi ọkọ̀ sílẹ̀, wọ́n ti gba iṣẹ́ fídíò. Àwọn òǹwòran kò tíì yó fún ẹ̀rín nígbà náà. Ìnáwó ló wọ́n: lẹ́yìn ètò àtúntò ọrọ̀-ajé ọdún 1986, ohun èlò ọkọ̀ di góòlù, ìrìn òru sì di ohun ẹ̀rù nítorí àwọn adigunjalè. Ẹgbẹ́ ńlá kò lè jẹun lórí owó ẹnu ọ̀nà mọ́. Àní ní ìgbà tí ó dára pàápàá, Ògúndé ní láti fi àwọn òṣèré obìnrin rẹ̀ ṣe aya kí ẹgbẹ́ má baà fọ́.

Ní òde òní, eré olórin ti tún ń gba àtẹ́wọ́ ní Èkó. Bọ́láńlé Austen-Peters gbé Saro jáde ní ọdún 2013, ó gbé Wakaa jáde ní ọdún 2015, wọ́n sì ṣe Wakaa ní Lọ́ńdọ̀n ní ọdún 2016. Èyí fi hàn pé àwọn ènìyàn ṣì ń sanwó láti wo ijó àti orin lójú ara wọn. Ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn ńlá àti èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó pọ̀ nínú rẹ̀. Láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀n ni wọ́n rìn. Ọ̀nà Ọ̀ffà, Ìkàrẹ́ àti Kàbbà ṣì ṣófo.

ÀGBÁLỌGBÁBỌ̀

Ìdáhùn wa sí ìbéèrè tí ó wà lókè ni bẹ́ẹ̀ ni, pẹ̀lú àdéhùn. Eré àwàdà olórin lè rìn bí ẹni tí a ń fi ṣe ẹlẹ́yà nínú rẹ̀ kò bá ní ìlú. Bí orin bá ń gbé ìtàn, tí kì í ṣe pé ìtàn ń dúró de orin. Bí ègbè bá kúrú tó fún òǹwòran láti kọ́ lójú ẹsẹ̀. Bí a bá fi àyè sílẹ̀ fún oríkì ìlú tí a bá dé, gẹ́gẹ́ bí àwọn eégún aláré ti máa ń kì onílé kí wọ́n tó pidán. Àti bí ẹgbẹ́ náà kò bá ju ohun tí ọkọ̀ bọ́ọ̀sì kan lè gbé lọ. Ènìyàn méjìlá àti ìlù mẹ́rin tó. Kí a fi ọ̀ṣọ́ sílé.

Ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀rọ̀ fàájì lọ fún àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí a ó kọ́ ni ó mọ Yorùbá gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí a ń ṣe ìdánwò lé lórí nìkan. Ọmọ lè há òwe sórí kí ó gba máàkì; kò sí ẹni tí ó lè há ẹ̀rín sórí. Bí ọmọ bá rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ Lánkẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó túmọ̀ rẹ̀ fún un, a mọ̀ pé èdè náà ṣì jẹ́ tirẹ̀. Irú ìdánwò yìí, inú kíláàsì kò tó o ṣe. Ó ní láti wọ ọkọ̀, kí ó tọ àwọn ènìyàn lọ ní ìlú wọn.